Ìyìn Tó Ń Bí Ìkórìíra: Ìrírí Mi Nídìí Kíkọ́ Èèyàn Nípa Ìkórìíra Àwọn Júù

Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún kò le. Màá pín bébà pélébé fún àwọn ọmọ kíláàsì, màá ní kí kálukú kọ iye Júù tó rò pé ó wà láyé, kó má kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹnì kan á kọ mílíọ̀nù 100, ẹlòmíràn á kọ mílíọ̀nù 500, kì í sì í ṣàìsí ẹni tó máa kọ bílíọ̀nù kan gbáko. Iye wọn gan-an kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 lọ. Bí gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà, bá kó wá sí ìpínlẹ̀ Èkó lónìí, wọn ò ní pọ̀ ju àwọn tí wọ́n máa bá níbẹ̀ lọ. Ní England àti Wales, nǹkan bí 271,000 ni ètò ìkànìyàn ọdún 2021 kà. Kò pé ẹnì kan nínú èèyàn 200.

Mi ò kì í fi àwọn ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé àwọn kan ló ni báǹkì, àwọn náà ló ni ilé iṣẹ́ fíìmù, àwọn náà ló ń yan ààrẹ Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe fẹ́ rò pé wọ́n kéré níye? Àhesọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn ọmọ kó tó mọ̀ pé òun ti gbà á gbọ́.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, olùkọ́ ìtàn sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlà-oòrùn London. Láti ọdún 1991 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọmọ ilé ìwé ní England kọ́ nípa ìpakúpa tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì pa àwọn Júù. Torí náà, kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò mọ Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ wọn, tí kò mọ̀ pé mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pa, tí kò mọ̀ pé ọjọ́ 27 oṣù January ni ìrántí wọn. Wọ́n á wo fídíò, omi á lé ròrò lójú àwọn kan. Ṣùgbọ́n kí aago lù báyìí, kí wọ́n dé ilé oúnjẹ, kí ọ̀rẹ́ ẹnì kan kọ̀ láti bù fún un nínú ọ̀dùnkún díndín rẹ̀, wàá gbọ́ tí á ní, “Má ṣe bíi Júù jàre!”

Mo pe ọ̀kan nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yà á lẹ́nu pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún so mọ́ ohun tá a kọ́ láàárọ̀. “Eré ni mò ń ṣe, Mísì. Èmi ò kórìíra ẹnikẹ́ni.” Kò purọ́ fún mi. Ohun tí ilé ìwé ti kọ́ ọ ni pé ìkórìíra Júù a máa wọ aṣọ ológun, a máa fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí àgọ́ ká, a máa sọ èdè Jámánì. Èyí tó wọ jíǹsì, tó ń rẹ́rìn-ín lórí TikTok, kò dá a mọ̀ rárá. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè sunkún òkú Júù látàárọ̀ dalẹ́, kí ojú tó fi ń wo alààyè wọn má yí padà.

Ó tún wá nira ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwa Yorùbá tó wà nílùú òyìnbó. Ìkórìíra tí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń wo èèyàn: wọ́n ní a ò gbọ́n, a ò mọ́ tónítóní, a wá jẹ owó ìjọba. Ẹni tó kórìíra Júù kì í sábà ní Júù gọ̀. Ó ní wọ́n gbọ́n jù, wọ́n lówó jù, àwọn ló wà nídìí gbogbo nǹkan. Kò jọ èyí tó ń bá wa fínra, nítorí náà tó bá kọjá níwájú wa, a máa ń pè é ní ìyìn.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sí ẹni tó kórìíra Júù níbẹ̀. Àsíá Ísírẹ́lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àwọn tó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù ń kọ JP sẹ́yìn orúkọ wọn, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé láti pè é. Lọ́jọ́ kan, Alàgbà wa kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì dìde jẹ́rìí, ó ní, “Àwọn Júù ló ni gbogbo owó ayé. Àwọn ló ń darí Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe bù kún àwọn ọmọ Ábúráhámù!” Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì fún àmín. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kan ní kíláàsì, mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lórí fídíò: àwọn Júù ló ni gbogbo owó ayé, àwọn ló ń darí Amẹ́ríkà, ó sì tó àkókò tí a máa gba ara wa lọ́wọ́ wọn. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ rárá sí ti Alàgbà.

Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Alàgbà kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó gbé ìbọn wọ sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh lọ́jọ́ 27 oṣù October ọdún 2018, tó pa èèyàn 11, agbára ńlá ló rò pé òun ń bá jà. Ó gbà pé àwọn Júù ló ń kó àjèjì wọ Amẹ́ríkà láti fi pa àwọn èèyàn rẹ̀ run. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó pa jẹ́ ìyá arúgbó ẹni ọdún 97.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kúnlẹ̀ kí Alàgbà. Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ohun tí wọ́n sọ kò dáa. Mo ti rí i pé ẹni tí o bá kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn, ara rẹ̀ ló máa gbèjà, kò ní gbọ́ ìyókù. Ìbéèrè ni mo bi wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wo gan-an ló ni owó yẹn?”

“Rothschild ńkọ́, ọmọ mi? Ìwọ tó kàwé, o ò mọ Rothschild?”

Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Àtọmọdọ́mọ ọkùnrin kan láti Frankfurt ni wọ́n, òótọ́ sì ni pé báǹkì wọn tóbi púpọ̀ ní Yúróòpù ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Lónìí, báǹkì tó tóbi jù láyé, ti ìjọba Ṣáínà ni. Mo wá ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wa bọ́ọ̀sì kọjá ní Stamford Hill fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Júù tẹ́ ẹ máa ń gbé níbẹ̀, ṣé wọ́n jọ ẹni tó ni owó ayé?” Alàgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, mẹ́jọ, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí àpò ọjà ń já lọ́wọ́ wọn, ni àwọn máa ń dúró dè. Wọ́n ní wọ́n máa ń sáré lé bọ́ọ̀sì bíi tiwa náà ni.

Síbẹ̀ wọn ò tíì gbà. “Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé yìí, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀.” Èmi náà fi òwe dá wọn lóhùn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí nínú agbo ilé. Tí ìyá àgbà tí wọ́n ń fura sí bá sunkún ọmọ tó kú, wọ́n á ní ẹkún ẹ̀tàn ni. Tí kò bá sunkún, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí? Tí ọmọ tirẹ̀ náà bá kú, wọ́n á ní ó fi san gbèsè ẹgbẹ́ ni. Kò sí ohun tó lè ṣe tí kò ní di ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe àwọn Júù ní Yúróòpù. Lọ́dún 1144, òkú ọmọdékùnrin kan fara hàn nínú igbó ní Norwich, ní England níbí, wọ́n ní Júù ló pa á fún ètùtù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1348 àti 1349, wọ́n ní Júù ló da májèlé sínú kànga. Àrùn yẹn ń pa àwọn Júù náà, wọ́n sì sun ọ̀pọ̀ wọn níná ní Strasbourg lóṣù February 1349. Lọ́dún 1290, Ọba Edward Kìíní lé gbogbo wọn kúrò ní England. Ó tó nǹkan bí 365 ọdún kí wọ́n tó lè padà wá máa gbé ibẹ̀ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ yẹn ló wọ Alàgbà létí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá ìyá wọn ni wọ́n lé kúrò nílé nígbà kan, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú kíláàsì, ìwé ayédèrú kan ló máa ń ṣiṣẹ́ fún mi jù. Ìwé ìròyìn kan ní Rọ́ṣíà ló gbé e jáde lọ́dún 1903, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìpàdé bòókẹ́lẹ́ àwọn àgbààgbà Júù ni, níbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe máa gba gbogbo ayé. Lóṣù August ọdún 1921, Philip Graves, akọ̀ròyìn The Times ti London, tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n jí púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ láti inú ìwé tí Maurice Joly, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ lọ́dún 1864 láti fi bẹnu àtẹ́ lu Napoleon Kẹta, olú ọba ilẹ̀ Faransé. Ìmọ̀ràn Júù kankan kò sí nínú ìwé Joly. Ọ̀rọ̀ olú ọba ni olè yẹn gbé, tó fi sẹ́nu Júù. Mo máa ń tẹ ojú ìwé méjèèjì sórí bébà kan náà, ọ̀tún àti òsì, màá fún wọn ní báírò pupa kí wọ́n fi fàlà sábẹ́ ibi tó bára mu. Ariwo á sọ: “Kọ́pì ni, Mísì! Tó bá jẹ́ èmi ni, òdo lẹ máa fún mi!”

Nígbà tí ẹ̀rín bá rọlẹ̀, màá wá sọ fún wọn pé Henry Ford, ẹni tó ni ọkọ̀ Ford, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kiri Amẹ́ríkà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 1920, ó di 1927 kó tó tọrọ àforíjì. Pé àwọn Násì fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. Pé àwọn èèyàn ṣì ń tà á lónìí. Ó ti lé ní 100 ọdún tí àṣírí ti tú, irọ́ kò kú. Ẹ̀rí kọ́ ló gbé irọ́ yẹn dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rí nìkan kò lè bì í ṣubú. Ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù ni àwọn èèyàn ń wá.

Ẹ̀yìn èyí ni mo máa ń fi àwòrán kan hàn wọ́n, èyí tí ẹnì kan yà sára ògiri nítòsí Brick Lane lọ́dún 2012, kò jìnnà sí wa. Àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà jókòó yí tábìlì ayò ká, wọ́n ń ka owó. Ẹ̀yìn àwọn ìhòòhò tó tẹrí ba ni wọ́n gbé tábìlì náà lé. Mi ò ní sọ ohunkóhun. Màá bi wọ́n pé ta ló ń jìyà, ta ló ń jayé. Ìyẹn rọrùn. Màá wá ní, àwọn wo ni àwọn ọkùnrin yìí, kí lẹ fi mọ̀? Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tó sábà máa ń dákẹ́ nawọ́, ó ní, “Imú wọn, Mísì.” Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ayàwòrán náà ní àwọn olówó ni òun ń bá wí, pé kì í ṣe Júù. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lórí rẹ̀, torí ìbínú sí olówó tó ń ni aláìní lára kò burú rárá. Ibi tí wọ́n darí ìbínú ọ̀hún sí ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.

Àwọn ọmọkùnrin, bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbọ́. Àwọn kan nínú olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń bá Tottenham figagbága a máa mí “sííííí” sí wọn, torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti so Tottenham mọ́ àwọn Júù. Ọmọ Yorùbá kan ń ṣe é sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ wa. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ ìró yẹn. Kò mọ̀, ó ní bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é ní pápá nìyẹn. Mo sọ fún un pé ìró gáàsì ni, èyí tí wọ́n fi pa àwọn èèyàn tó kọ́ nípa wọn lóṣù January. Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò fìyà jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é dáa ju èmi lọ. Ká ní ìyà ni mo kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́, ohun tó máa kọ́ ni pé kó má ṣe é níbi tí tíṣà wà.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò tán síbẹ̀ o. Ní Fúráìdé tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe eré ìjìyà Jésù. Jésù, Pétérù, Jòhánù, gbogbo wọn wọ sùtánà funfun. Júdásì nìkan ló wọ kóòtù dúdú gígùn, tó dé fìlà dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n fi òwú ṣe irun tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì, àpò owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ àwọn Júù Stamford Hill tímọ́tímọ́. Mo bi olórí àwọn ọ̀dọ́ léèrè. “Kí wọ́n lè mọ̀ pé Júù ni, Àǹtí.” Mo ní, “Pétérù ńkọ́?” Ó wò mí. Mo ní, “Màríà ńkọ́? Jésù fúnra rẹ̀ ńkọ́?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di orí rẹ̀ mú. Pásítọ̀ wa gbọ́, àwọn náà sì dá ọ̀rọ̀ Mátíù 27 sílẹ̀, ibi tí àwọn èrò ti ní kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí àwọn àti lórí àwọn ọmọ àwọn. Mo sọ fún wọn pé lọ́dún 1965, àpérò ńlá ìjọ Kátólíìkì ní Vatican kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ikú Jésù ru gbogbo Júù ìgbà náà, ká má tíì sọ ti òde òní. Ìjọ wa kì í ṣe Kátólíìkì, Pásítọ̀ sì rán mi létí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ìyá Ìjọ ráhùn pé àwọn ò mọ èyí tó jẹ́ Júdásì mọ́.

Gbogbo èyí ì bá rọrùn ká ní kò sí ogun. Lọ́jọ́ 7 oṣù October ọdún 2023, ẹgbẹ́ ológun Hamas láti Gásà pa nǹkan bí 1,200 èèyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n kó nǹkan bí 250 lọ. Ogun tó tẹ̀ lé e ní Gásà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, tọmọdé tobìnrin. Ọmọ tó ń rí òkú ọmọdé lórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀, tí tíṣà wá ń bá sọ̀rọ̀ Auschwitz, á rò pé ẹ fẹ́ fi òkú kan bo òkú mìíràn mọ́lẹ̀ ni. Alhaji kan, òbí ọmọ mi kan, wá bá mi. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹnì kan tutọ́ sí ọmọbìnrin mi lára ní ibùdókọ̀ torí híjáàbù rẹ̀. Ta ló ṣe ẹ̀kọ́ tìyẹn?” Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. A jọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Mo wá bi wọ́n nípa oṣù May ọdún 2013, nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì pa sójà kan lójú títì ní Woolwich. Orúkọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, wọ́n sì ní torí Ìsìláàmù ni àwọn ṣe é. “Ṣé ẹnikẹ́ni bi yín léèrè nígbà yẹn, Alhaji?” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Títí dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ní kí n wá sọ tẹnu mi.” Kò pọn dandan kí n ṣàlàyé púpọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba Ísírẹ́lì wí, kó bá ìjọba Ísírẹ́lì wí, kó dárúkọ mínísítà, kó dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ísírẹ́lì náà ń ṣe é ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ni baba tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé ní Stamford Hill mọ̀ nípa bọ́ǹbù?

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jà lórí ibi tó yẹ kí wọ́n fàlà sí láàárín bíbá Ísírẹ́lì wí àti ìkórìíra Júù: àwọn kan gba ìlànà tí IHRA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń mójú tó ìrántí ìpakúpa àwọn Júù, gbé jáde lọ́dún 2016, àwọn kan fara mọ́ ìkéde tí wọ́n ń pè ní ti Jerúsálẹ́mù, tó jáde lọ́dún 2021, Júù sì wà lápá méjèèjì. Èmi ò gbé ọ̀kankan wọ kíláàsì. Àgbàlagbà ló ń fi wọ́n ja ìjà òṣèlú. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ gan-an, ibi tó ti sọ ọ́, àti ẹni tó sọ ọ́ sí, ni ọmọ ọdún 14 lè yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ṣáá. Àwọn aláṣejù apá ọ̀tún òṣèlú gbé iná tọ́ọ̀ṣì ní Charlottesville, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017, wọ́n ń pariwo pé Júù kò ní gba ipò àwọn. Lọ́dún 2020, àjọ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Britain rí i pé ẹgbẹ́ òṣèlú Labour náà, tó wà lápá òsì, rú òfin lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí àwọn Júù inú ẹgbẹ́ wọn.

Ẹni tó bá ní àsọdùn ni gbogbo rẹ̀, màá ní kó wo ẹnubodè ilé ìwé àwọn ọmọ Júù. Ẹ̀ṣọ́ ló wà níbẹ̀, àti ọgbà gíga, fún ọmọ ọdún márùn-ún. CST, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò wọn, ka ìṣẹ̀lẹ̀ 1,662 lọ́dún 2022. Lọ́dún 2023, iye náà fò sókè sí 4,103. Lóṣù September ọdún 2024, wọ́n dá ọ̀nà bọ́ọ̀sì 310 sílẹ̀ láti Stamford Hill dé Golders Green, torí ẹ̀rù ń ba àwọn Júù láti sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn lágbedeméjì. Lọ́jọ́ 2 oṣù October ọdún 2025, lọ́jọ́ Yom Kippur tó jẹ́ ọjọ́ mímọ́ wọn jù, ẹnì kan kọ lu sínágọ́gù kan ní Manchester, olùjọsìn méjì sì kú. Tíṣà Júù kan níbi iṣẹ́ wa ti ń ki ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ tó fi hàn pé Júù ni sínú ẹ̀wù kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Mo ti mú àwọn ọmọ lọ sí sínágọ́gù Bevis Marks, tó ti wà láàárín ìlú London láti ọdún 1701. Mo múra sílẹ̀ fún ìbéèrè ńláńlá. Wọ́n bi ọkùnrin tó mú wa yí ká bóyá ó lè jẹ McDonald's, bóyá fìlà rẹ̀ máa ń já bọ́ tó bá ń sáré, àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn. Mi ò ka ìyẹn sí àkókò tó ṣòfò.

Alàgbà ṣì ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí báyìí, kí wọ́n tó fi sórí ìkànnì ìjọ: “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó, ta ni ‘wọ́n’ tó wà níbí yìí?” Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò kan Júù rárá. Èyí tó dé láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àlùbọ́sà tí a bá fi sínú ìbọ̀sẹ̀ sùn ń wo àtọ̀gbẹ.